Ẹ bá mi dá sí i: mo fẹ́ kan ọkọ̀ ogun Faransé Bouvet láti orí pákó lásán

Pákó_àti_Ọ̀bẹ, Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ kan àwòṣe Bouvet, ọkọ̀ ogun Faransé àtijọ́ nì. Kì í ṣe èyí tí ilé iṣẹ́ ti gé sínú páálí tí èèyàn á kàn máa tò pọ̀ ni mò ń wí. Orí pákó lásán ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lorient ni wọ́n ti sọ ọkọ̀ náà sómi ní oṣù kẹrin ọdún 1896, ó sì rì ní Dardanelles, ojú omi tóóró kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1915. Gígùn rẹ̀ láàárín ìlà òró iwájú àti ìlà òró ẹ̀yìn jẹ́ mítà 117.90, ìbú rẹ̀ mítà 21.39, ó sì máa ń wọnú omi tó mítà 8.38.

Ọkọ̀ ìgbòkun ni mo ti ń kàn tẹ́lẹ̀. Ti onírin yìí yàtọ̀ pátápátá. Ara rẹ̀ fẹ̀ jù ní ibi tí omi dé, ó wá ń fún bó ṣe ń gòkè lọ sí dẹ́ẹ̀kì, bí akèrègbè ṣe ń fún lọ sí ọrùn. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ìwọ̀n wo ló dáa? Pákó wo? Kí ni kí n fi ṣe ọ̀pá àgbá? Ọ̀dà wo ni kí n kùn ún?

Ọmọ_Sakété, Kutonu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ayùn, ẹ wá pláànù ná. Service historique de la Défense, ilé ìpamọ́ ìwé àwọn ológun Faransé tó wà ní Vincennes, ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ pláànù ọkọ̀ ogun àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ àwọn tó kan àwọn ọkọ̀ náà gan-an ni pláànù yẹn ti wá, ẹ ò sì lè fi wé èyí tí ẹnì kan wo fọ́tò yà lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Èdè Faransé ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Couple ni egungun ìhà ọkọ̀, flottaison ni ìlà tí omi dé, éperon ni imú tó yọ síwájú lábẹ́ omi, tourelle ni ilé àgbá, passerelle ni ibi tí ọ̀gá ọkọ̀ ń dúró sí, embarcations sì ni àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n kó sókè. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ yà á, kí ẹ gbé e síbí. Àwa tó wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí, ilé ẹ̀kọ́ ni a ti kọ́ èdè yẹn, a ó kà á fún yín.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe. Ìwé tí wọ́n ti ká kalẹ̀ fún ọdún púpọ̀ máa ń fà níbì kan, á sì sún kì níbòmíràn. Ẹ wọn gígùn láàárín ìlà òró méjèèjì lójú kọ̀ǹpútà, ẹ wọn ìbú, kí ẹ wá fi ìbú pín gígùn. Nǹkan bíi 5.51 ló yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá yàtọ̀ sí i gan-an, pláànù yẹn ti fà, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ má sì wọn ọ́n láti orí imú dé ìdí o, torí imú yẹn yọ kọjá ìlà òró iwájú, ìṣirò yín á sì dàrú.

Bọ̀dá_Èbúté, Portsmouth

Àbúrò mi ní Ìbàdàn, o kú ìnáwó ara. Ní ìwọ̀n 1/700, ìyẹn tí a bá fi 700 pín ìwọ̀n ọkọ̀ gidi, ọkọ̀ yìí kò ní gùn ju mìlímítà 168 lọ. Ọ̀bẹ kò rí nǹkan gbá mú níbẹ̀. Ní 1/350, ó di 337, ìbú rẹ̀ 61. Ní 1/200, gígùn rẹ̀ di 590 ó dín díẹ̀, ìbú di 107, èyí tó wà lábẹ́ omi sì di 42. Fún ẹni tó ń fọwọ́ gbẹ́ pákó, 1/200 ni màá mú. Ó gba ibi tó pọ̀ nínú ilé lóòótọ́, àmọ́ igi ṣì ń gbọ́ tiwa ní ìwọ̀n yẹn.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí ara rẹ̀ fi rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní gbẹ́ ẹ ṣì. Bouvet ní àgbá 305 mm méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó tún ní 274 mm méjì ní agbedeméjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn Faransé fẹ́ kí àgbá ẹ̀gbẹ́ wọ̀nyí lè yìn tààrà síwájú àti tààrà sẹ́yìn, kí ara ọkọ̀ má dí wọn lójú. Wọ́n wá fa ògiri ọkọ̀ wọlé lókè, wọ́n sì gbé ilé àgbá ẹ̀gbẹ́ sórí ìtẹ́ tó yọ síta lára ògiri náà. Ìyẹn tún dín ẹrù tó wà lókè kù.

Ohun tí wọ́n fi gba èyí kò kéré. Bí ọkọ̀ tí ògiri rẹ̀ wọlé báyẹn bá ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, dípò kí ara tó fẹ̀ sí i bọ́ sínú omi kí ó tì í dìde, ara tó ń kéré sí i ni omi ń rí. Agbára tó yẹ kó gbé e nàró á máa dín kù nígbà tó nílò rẹ̀ jù. Lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta yẹn, Bouvet lu ọ̀kan nínú àwọn bọ́ǹbù abẹ́ omi tí Nusret, ọkọ̀ àwọn Ottoman, ti gbìn sí ìhà Erenköy ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ó dojú dé, ó sì rì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Èèyàn tó bá a lọ lé ní 600. Irresistible àti Ocean ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rì lọ́jọ́ kan náà, àmọ́ ìyẹn pẹ́ kí wọ́n tó rì, wọ́n sì rí èyí tó pọ̀ jù nínú èèyàn wọn kó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ara ọkọ̀ yìí ṣáá. Bí ògiri yẹn bá tọ́, ẹnikẹ́ni tó bá wò ó láti òkèèrè á mọ̀ pé Bouvet ni, àgbá ì báà má tíì sí lórí rẹ̀. Bí kò bá tọ́, kò sí iye àgbá àti àkàsọ̀ tí o máa tò sí i tí yóò jọ ọ́. Má ṣe tíì ronú nípa àgbá rárá títí ara yóò fi parí.

Káfíńtà_Bódìjà, Ìbàdàn

Ará àdúgbò, arère ni kó o lọ rà. Igi arère tiwa yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣe àwòṣe ní Yúróòpù ń rà lówó gọbọi pẹ̀lú orúkọ obeche. Ó fúyẹ́, ó funfun, ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ká bí ó bá ti gbẹ dáadáa. Ní ìsọ̀ pákó ní Bódìjà, sọ fún wọn pé èyí tó ti gbẹ tí kò ní kókó lo fẹ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ìfági fá a sí mìlímítà mẹ́fà. Lábẹ́ omi nìkan, ìpele méje nìyẹn máa jẹ́. Àmọ́ wo pláànù rẹ ná: tí àlàfo àárín ìlà omi kan sí èkejì lórí rẹ̀ bá yàtọ̀, ìnípọn tó bá tiwọn mu ni kí o jẹ́ kí wọ́n fá a sí, kí o má bàa máa fojú bu ìlà tí ẹnikẹ́ni kò yà.

La ìpele kọ̀ọ̀kan sí méjì ní gígùn, apá ọ̀tún àti apá òsì, kí o sì fi káádì dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín kí o tó fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin iṣẹ́, ìlà àárín ọkọ̀ kò ní pòórá mọ́ ọ lójú, bó o ti wù kó o gbẹ́ ẹ tó. Po yíǹkì díẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì pẹ̀lú. Wà á rí ìlà omi kọ̀ọ̀kan gbangba lára igi.

Eruku arère máa ń di àyà èèyàn pa, àwọn kan tó fi ṣe iṣẹ́ oòjọ́ ti di oní-ásímà nítorí rẹ̀. Fi ìbomú tó dáa bo imú, ìta gbangba sì ni kó o ti máa fi sáńpépà họ ọ́.

Pákó_àti_Ọ̀bẹ, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bódìjà kò jìnnà sí mi rárá. Ìlà wo ni kí n tẹ̀ lé tí mo bá ń gé ìpele kọ̀ọ̀kan, tòkè rẹ̀ ni tàbí tìsàlẹ̀? Báwo sì ni ìtẹ́ ilé àgbá ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe máa lẹ̀ mọ́ ògiri tó dagun?

Bọ̀dá_Èbúté, Portsmouth

Ìbéèrè tó gbọ́n ni. Láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí omi dé, ọkọ̀ ń fẹ̀ bó ṣe ń gòkè, torí náà ìlà òkè ìpele ni kó o gé. Láti ibi tí omi dé lọ sókè, ó ti ń fún, ìlà ìsàlẹ̀ ìpele ni kó o gé níbẹ̀. Nígbà tí o bá lẹ̀ wọ́n pọ̀ tán, wọ́n á dà bí àtẹ̀gùn. Igun inú àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ni ojú ọkọ̀ gan-an. Máa fi ìfági àti sáńpépà gbẹ́ èyí tó yọ síta títí igun wọ̀nyẹn yóò fi fẹ́ pòórá, kí o sì dúró níbẹ̀.

Kí o má fojú lásán gbẹ́ ẹ o. Lára pláànù egungun ìhà, gé káádì líle fún couple kọ̀ọ̀kan, èyí tí ìhà ọkọ̀ á wọnú rẹ̀. Sàmì sí ibi tí kálukú wọn wà lára igi, máa gbé káádì náà sún mọ́ ọn, kí o tan iná sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti gba àárín wọn kọjá, igi ti kan káádì níbẹ̀, ibẹ̀ ló ṣì ga. Yan egungun tó wà ní ibi tí ilé àgbá ẹ̀gbẹ́ jókòó sí àti èyí tó wà nítòsí imú, kí o tètè parí ìwọ̀nyẹn, wọ́n á wá máa darí ìyókù.

Ní ti ìtẹ́, gbẹ́ ẹ lọ́tọ̀. Tẹ́ sáńpépà sára ògiri ọkọ̀ ní ibi tó máa jókòó sí gan-an, ojú tó ní iyanrìn kó wà níta, kí o wá máa fi ẹ̀yìn ìtẹ́ náà họ ọ́ lọ họ ọ́ bọ̀. Ògiri fúnra rẹ̀ ló máa gbẹ́ ẹ̀yìn ìtẹ́ sí bí òun ṣe rí. Ó yára ju kéèyàn máa gé máa wò lọ. Fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wo orí ìtẹ́ kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, torí ilé àgbá méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá àgbá yìí kàn mí. Abẹ́rẹ́ ìgúnni la máa ń lò, èyí tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ láti kẹ́mísì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mú èyí tí wọ́n ti lò láti ibikíbi. Irin rẹ̀ dán, ó gún régé, ihò sì ti wà nínú rẹ̀.

Bouvet ní àgbá 138.6 mm mẹ́jọ, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Ní 1/200, ihò wọn jẹ́ mìlímítà 0.69. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 19, tí ìdí rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ìpara, ihò rẹ̀ jẹ́ 0.69, ìta rẹ̀ 1.07. Ó bá a mu rẹ́gí. Fún àwọn 100 mm mẹ́jọ, nọ́ńbà 21 onídìí àwọ̀ ewé: ihò 0.51, ìta 0.82. Fún àwọn 47 mm kéékèèké, nọ́ńbà 27 onídìí eérú, ihò rẹ̀ ń lọ sí 0.21. Bí nọ́ńbà 19 bá ṣòroó rí, nọ́ńbà 18 onídìí pupa rẹ́súrẹ́sú kò burú, ó kàn nípọn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni.

Ẹ má fi pílíásì gé e, ihò á pa dé. Ẹ fi fáìlì mú un yí ká títí yóò fi já, ẹ sì wọ awò ìdáàbòbò ojú, torí ẹnu mímú yẹn máa ń fò. Àgbá 305 àti 274 tóbi ju abẹ́rẹ́ tí kẹ́mísì ń tà lọ; ẹ fi ọ̀pá idẹ ṣe ìyẹn. Ẹ ki ọ̀kan sínú èkejì, kí ó nípọn ní ìdí, kí ẹ gbé e sẹ́nu dírílì tó ń yí, kí ẹ wá fi fáìlì họ ọ́ kó máa tín-ín-rín lọ sẹ́nu. Ihò ẹnu 305 yẹ kó jẹ́ 1.53, ti 274 kó jẹ́ 1.37. Ojú ló kọ́kọ́ ń lọ sí ẹnu àgbá lára ọkọ̀ ogun, ẹ jẹ́ kí ihò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó má jẹ́ àmì ọ̀dà dúdú.

Kọ̀ǹpútà_Lọ́wọ́, Houston

Ẹ káàsán o. Mo mọ̀ pé àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ ilé àgbá mẹ́jọ tó jọra wọ̀nyẹn, mo rò pé ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde láti inú résìnnì, ike olómi tó máa ń gan, ló dáa fún wọn. Ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan nínú Blender tàbí FreeCAD, àwọn ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ mẹ́jọ jáde, kò sí èyí tó máa yàtọ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, résìnnì tí kò tíì gan máa ń ba awọ ara jẹ́.

Káfíńtà_Bódìjà, Ìbàdàn

Àbúrò, kò sí ìjà níbẹ̀. Fún ara ọkọ̀, èmi kò ní gbà, torí kò ní jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́, ìyẹn ló sì béèrè fún. Ní ti ilé àgbá, ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ: kó fi igi ṣe ọ̀kan ṣoṣo, kó fi gbogbo sùúrù rẹ̀ sí i, kó kùn ún kó dán, kó fi rọ́bà sílíkónì gba àwòrán rẹ̀, kó wá máa da résìnnì sínú rẹ̀. Mẹ́jẹẹ̀jọ á jọra, ọwọ́ tirẹ̀ ló sì ti wá.

Ọmọ_Sakété, Kutonu

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mú ọdún tí àwòṣe yín máa fi ọkọ̀ náà hàn? Ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1898 kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1915. Ẹ yan ọdún kan, kí ẹ sì kọ fọ́tò èyíkéyìí tí kò bá sí nítòsí ọdún yẹn. Gallica, ibi tí ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé kó ìwé rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní fọ́tò àti ìwé ìròyìn ìgbà náà. Káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ náà pọ̀, àmọ́ ọdún tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ lè jìnnà gan-an sí ọdún tí wọ́n ya àwòrán.

Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ ìyá rẹ̀. Ọkọ̀ márùn-ún ni wọ́n kàn lábẹ́ ètò kan náà: Charles Martel ní Brest, Carnot ní Toulon, Jauréguiberry ní La Seyne, Masséna ní Saint-Nazaire, àti Bouvet ní Lorient. Gbogbo wọn ló to àgbá wọn sí igun mẹ́rin bákan náà, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ya kálukú, ọ̀tọ̀ sì ni ojú wọn. Àgbá 138.6 mm ti Jauréguiberry, méjì-méjì ló wà nínú ilé. Ẹ má yá ṣímínì tàbí òpó lára ọ̀kan fún èkejì. Bí ẹ bá dé Paris láéláé, ẹ lọ wo àwọn àwòṣe tó wà ní Musée national de la Marine ní Chaillot. Wọ́n ṣí i padà ní ìparí ọdún 2023. Ojú yín á kọ́ ohun tí pláànù kò lè kọ́ ọ.

Ojú_Àwọ̀, Peckham

Ọdún tí ẹ bá mú ló máa sọ ọ̀dà. Ní àwọn ọdún 1890, ara ọkọ̀ ogun Faransé dúdú, òkè rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní toile mouillée, àwọ̀ aṣọ ìgbòkun tí omi ti rin, láàárín eérú àti àwọ̀ ìpara. Nígbà tí ogun 1914 dé, eérú tó ní búlúù nínú ni wọ́n ti ń kùn wọ́n látòkè délẹ̀. Èyí tó dúdú lẹ́wà púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bó bá jẹ́ èmi, ti Dardanelles ni màá kùn, nítorí àwọn tó kú nínú rẹ̀.

Ẹ má wo fọ́tò dúdú-àti-funfun kí ẹ wá sọ pé ó mọ́lẹ̀ tó báyìí. Fíìmù onígíláàsì ìgbà yẹn kì í rí pupa dáadáa. Ohun tó pupa á dúdú jù nínú fọ́tò, ohun tó ní búlúù á sì funfun jù. Eérú-búlúù yẹn máa ń mọ́lẹ̀ lójú fọ́tò ju bó ṣe rí gan-an lọ. Ẹ sì po funfun díẹ̀ mọ́ gbogbo ọ̀dà yín, torí ọ̀dà tó bá ọkọ̀ ńlá mu máa ń dúdú jù lára ọkọ̀ kékeré.

Kí ọ̀dà tó kan arère rárá, ẹ fi sílà, ohun ìkùn tó ń dí ihò igi, dí i. Ihò ojú igi yẹn ṣí, ó máa ń mu ọ̀dà. Ẹ fi sílà, ẹ họ ọ́, ẹ tún fi sí i, títí tí ẹ kò fi ní rí ìlà igi mọ́, torí irin ni a fẹ́ kó jọ.

Bọ̀dá_Èbúté, Portsmouth

Okùn ńkọ́? Okùn tó nípọn ní mìlímítà 30 lára ọkọ̀ gidi kò gbọ́dọ̀ ju 0.15 lọ ní 1/200. Òwú télọ̀ nípọn jù, ó sì máa ń hu irun. Wáyà bàbà tín-ín-rín tó wà nínú ṣájà tó ti bàjẹ́ dáa ju òwú lọ. Fi ọwọ́ méjì fà á díẹ̀, á gún. Rélì tó ga ní mítà kan lára ọkọ̀ gidi jẹ́ mìlímítà márùn-ún lára tìẹ. Wáyà yẹn kan náà lè ṣe é, pẹ̀lú sódà, ìyẹn òjé tí wọ́n ń yọ́ láti fi lẹ wáyà pọ̀.

Pákó_àti_Ọ̀bẹ, Ìbàdàn

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o, gbogbo yín. 1/200 ni mo mú, ti ọdún 1915 sì ni, bí ẹ̀gbọ́n Peckham ṣe sọ. Ó ku ẹyọ kan: fèrèsé róbótó ara ògiri. Arère rọ̀, mo ń bẹ̀rù pé etí ihò á máa ya.

Àǹtí_Nọ́ọ̀sì, Leeds

Ẹ jẹ́ kí sílà gbẹ tán pátápátá ná. Ẹ wọn àyè wọn lára pláànù, ẹ sàmì sí i lára téèpù oníwèé, kí ẹ lẹ téèpù náà mọ́ ògiri, ìlà òkè rẹ̀ kó bá ìlà fèrèsé mu láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ojú àmì kọ̀ọ̀kan gba inú téèpù, kí dírílì má bàa yọ̀. Ẹ ṣí téèpù kúrò, ẹ kán súpà gíluù tó ṣàn bí omi sí ibi tí ẹ gún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ojú igi á le níbẹ̀. Ẹ wá fi dírílì ọwọ́ lu ú, kì í ṣe ti iná, kí ẹ sì di dírílì náà mú ní ìbú gbalaja, má jẹ́ kó tẹ̀ lé bí ògiri ṣe dagun. Lẹ́yìn náà, ẹ yí sáńpépà tó kúná mọ́ igi pẹlẹbẹ, kí ẹ rọra fi họ ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.